Àga Ọ́fíìsì fún Ẹni Tó Ń Jókòó Látàárọ̀ Dalẹ́: Bí Ẹ Ṣe Máa Yan Èyí Tó Bá Ara Yín Mu

"Àga wo ni kí n rà?" Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó mọ̀ pé mo ti ra àga burúkú rí, àti pé ojú mi rí màbo lórí ẹ̀. Èsì mi kì í yí padà: ẹ kọ́kọ́ sọ bí ẹsẹ̀ yín ṣe gùn tó fún mi, látilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún. Àwọn kan máa ń rò pé mò ń dá àpárá ni. Mi ò dá àpárá rárá. Àga tó bá ẹnì kan mu rẹ́gí lè máa fìyà jẹ ẹlòmíì lójoojúmọ́. Bíi bàtà ló rí, kò sì sẹ́ni tó ń ra bàtà láì mọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Herman Miller, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe àga, gbé àga ọ́fíìsì Aeron jáde lọ́dún 1994, ìwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n ṣe é sí: A, B àti C. Ọ̀pọ̀ àga mìíràn ò ní ju ìwọ̀n kan ṣoṣo lọ, ẹ̀yin lẹ máa wádìí bóyá ìwọ̀n náà jẹ́ tiyín.

Ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nídìí kọ̀ǹpútà tàbí nídìí ìwé ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ wá tépù ìwọ̀n, bébà àti bírò sítòsí.

## Ẹ kọ́kọ́ wọn ara yín

Ẹ wọ bàtà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ilé lẹ ti ń ṣiṣẹ́ láìwọ bàtà, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ jókòó sórí àga onígi tí kò ní fóòmù, kí ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó máa dáa kí ẹnì kan bá yín di tépù mú, torí pé ẹni tó bá tẹ̀ba láti wo nọ́ńbà ti yí ìwọ̀n náà padà.

1. Gíga ìjókòó. Ẹ wọn látilẹ̀ dé abẹ́ itan, níbi tí orúnkún ti ṣẹ́. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 43. Ojú àga tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ lè sọ̀kalẹ̀ débẹ̀.
2. Jíjìn ìjókòó. Ẹ fi ìdí kan ẹ̀yìn àga tàbí ògiri, kí ẹ wọn láti ibẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún, kí ẹ wá yọ sẹ̀ǹtímítà 5 kúrò. Bí ó bá jẹ́ 48, àga tí ìjókòó rẹ̀ jìn tó 43 lẹ ń wá.
3. Fífẹ̀ ìbàdí. Ẹ wọn ibi tó fẹ̀ jù nígbà tí ẹ jókòó, kí ẹ fi díẹ̀ lé e kí ara lè ráàyè yí.
4. Gíga ìgbọ̀nwọ́. Ẹ jẹ́ kí èjìká rọ̀, kí ẹ ká ọwọ́ síwájú bí ẹni fẹ́ tẹ kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ wọn láti ojú àga dé abẹ́ ìgbọ̀nwọ́.
5. Gíga tábìlì yín. Ọ̀pọ̀ tábìlì ọ́fíìsì máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 72 sí 75. Ẹ wọn bí abẹ́ rẹ̀ náà ṣe ga tó, torí pé ibẹ̀ ni itan àti apá àga máa wọlé sí.
6. Bí ẹ ṣe wúwo tó ní kìlógíráàmù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí èèyàn máa fi bó ṣe ga tó lórí ìdúró yan àga. Àwọn méjì lè ga bákan náà, kí ẹsẹ̀ ọ̀kan gùn, kí ti èkejì jẹ́ pé àyà sí ìbàdí rẹ̀ ló gùn. Àga kan náà ò lè bá àwọn méjèèjì mu.

## Ohun tí ẹ máa wò lára àga

### Bí ìjókòó ṣe jìn

Orí èyí ni mo fẹ́ dúró sí jù, torí òun làwọn èèyàn kì í wò.

Àga kan wà tí mo rà nígbà tí mi ò tíì mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́dà dúdú ni, fóòmù rẹ̀ nípọn bí ìrọ̀rí, ẹ̀yìn rẹ̀ ga kọjá orí mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú mi dùn dọ́ba. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, tó bá ti di ọwọ́ ọ̀sán, ẹsẹ̀ òsì mi á ti kú tipiri, màá sì máa fọwọ́ gbá a kí n tó lè dìde. Mo rò pé àìsàn ló ń ṣe mí. Lọ́jọ́ kan, mo bu ọwọ́ sẹ́yìn, mo rí i pé apá mi látọrùn-ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ ń gba àárín ẹ̀yìn mi àti ẹ̀yìn àga kọjá, kò kan nǹkan kan. Mo wọn ìjókòó náà, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 52, èmi tí 44 tó fún! Bí mo bá sún sẹ́yìn, etí àga á máa ha mí lẹ́yìn orúnkún. Bí mo bá sún síwájú, kò sóhun tó gbé ẹ̀yìn mi ró. Láàárín méjèèjì yẹn ni mo ti ń wọ́ káàkiri látàárọ̀.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń jẹ́ ká mọ nǹkan lára gba ẹ̀yìn orúnkún kọjá, wọn ò sì jìn sí awọ. Tí etí àga bá tẹ̀ wọ́n fún wákàtí gbọọrọ, ẹsẹ̀ á kú. Torí náà, tí ẹ bá ti fi ìdí kan ẹ̀yìn àga pátápátá, ìka ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta gbọ́dọ̀ lè wọ àárín etí àga àti ẹ̀yìn orúnkún yín. Etí iwájú náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ wálẹ̀ wẹ́rẹ́, kó má ní igun mímú.

Àwọn àga kan wà tí ìjókòó wọn ṣeé fà síwájú tàbí tì sẹ́yìn. Bí ẹ bá kéré lẹ́sẹ̀ tàbí tí ẹ ga gan-an, tàbí tí èèyàn tó ju ẹyọ kan lọ máa lo àga náà, owó tí ẹ bá fi kún un torí èyí kò ṣòfò.

### Gíga

Ọ̀pọ̀ àga ọ́fíìsì ló ń lọ láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 42 sí 53. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú ni kó ṣọ́ra jù, torí pé ó lè jẹ́ ibi tí àga lè ga dé nìkan ni wọ́n máa kọ sórí páálí, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ ibi tó lè sọ̀kalẹ̀ dé. Ẹ béèrè. Ẹ sì rántí pé fóòmù máa wọlé díẹ̀ tí ẹ bá jókòó lé e.

### Ibi tó ń gbé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ró

Ẹ dìde dúró, kí ẹ fọwọ́ pa àárín ẹ̀yìn yín láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ máa rí i pé ó wọnú díẹ̀ níbi tí ìgbànú máa ń wà. Tí a bá jókòó, ìbàdí máa ń yí sẹ́yìn, ibi tó wọnú yẹn á sì tẹ́. Tí a bá wá tẹ̀ síwájú, ṣe ló máa kọ sẹ́yìn bí ọrun. Ó lè wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn máa dùn wá ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tó yọ jáde lára ẹ̀yìn àga ló yẹ kó bọ́ sí ibi tó wọnú yẹn gẹ́lẹ́.

Ó yẹ kó ṣeé gbé sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti kàn án mọ́ ojú kan, ó lè bọ́ sí egungun ìhà ẹni tó kúrú, kó sì bọ́ sí ìdí ẹni tó ga. Kó má le jù náà: tí ẹ bá ń rò ó lọ́kàn ṣáá pé nǹkan kan ń gún yín, kò bá yín mu.

### Bó ṣe ń rọ̀gbọ̀kú

Wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa láti kékeré pé ká nà ró bí òpó tí a bá jókòó. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò burú. Fún wákàtí mẹ́jọ, ìyà ni. Nígbà tí ẹ̀yìn bá rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ní nǹkan bíi dígírì 100 sí 110 láàárín ẹ̀yìn àti itan, ẹ̀yìn àga á bá yín gbé lára ẹrù tó yẹ kó já lé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn nìkan. Ẹ wo nǹkan mẹ́ta:

- Ẹ̀yìn àga ń tẹ̀lé yín bí ẹ ṣe ń lọ tí ẹ sì ń bọ̀, ẹ sì lè tì í pa síbi tó bá wù yín.
- Kókó kan wà lábẹ́ ìjókòó tí ẹ lè fi dín líle rẹ̀ kù tàbí kí ẹ fi kún un, kó má ṣe bì yín ṣubú sẹ́yìn, kó má sì ṣe máa tì yín síwájú.
- Tí ẹ bá rọ̀gbọ̀kú, ẹsẹ̀ yín kò kúrò nílẹ̀. Àga tó dáa máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ ju ìjókòó lọ, bíi ìlọ́po méjì. Àwọn tí ojú àga àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń gbé itan sókè.

### Apá àga

Bí kò bá lè sọ̀kalẹ̀ dé ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ tí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Apá àga tó ga jù á máa gbé èjìká yín sókè títí tí ọrùn á fi máa ro yín. Èyí tó jìnnà síra jù á jẹ́ kí ẹ máa na ìgbọ̀nwọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ tún wò ó bóyá ó máa wọ abẹ́ tábìlì. Mo mọ ẹnì kan tó ra àga tó dáa gan-an, àmọ́ apá rẹ̀ ń kọ́ tábìlì, nítorí náà kò lè sún mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń jókòó sétí àga, ó ń na ọwọ́ bí ẹni tó ń ká èso. Síkírúù mẹ́rin la tú, tí a yọ apá méjèèjì kúrò, wàhálà sì parí.

### Fóòmù tàbí àwọ̀n

Fóòmù tó dáa máa ń kì, ó máa ń tì yín padà díẹ̀. Ẹ fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ lágbára: bí ọwọ́ yín bá kan pákó, ìdí yín náà máa kàn án láìpẹ́. Àwọ̀n máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì dáa fún ẹni tó máa ń làágùn, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá ó nà gírí àti pé férémù tó yí i ká kò há yín nítan. Lẹ́dà rọrùn láti nù, ó sì máa ń múni làágùn. Ní tèmi, aṣọ lórí fóòmù tó kì ni mo fẹ́ràn jù.

### Ẹsẹ̀ àti táyà

Ẹsẹ̀ márùn-ún ni kó ní. Táyà rírọ̀ ló yẹ ilẹ̀ táìlì, símẹ́ǹtì tàbí pákó. Táyà líle ló yẹ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè ìwọ̀n ara tí àga náà lè gbé, kí ó ju tiyín lọ dáadáa. Bí wọ́n bá kọ ANSI/BIFMA X5.1 sí i, ìlànà tí wọ́n fi ń dán àga wò ní Amẹ́ríkà nìyẹn, tí wọ́n ṣe fún ẹni tó wúwo tó kìlógíráàmù 125. EN 1335 ni ti Yúróòpù, fún ẹni tó tó 110. Ọ̀rọ̀ náà "ergonomic", ìyẹn pé àga bá ara mu, kò fi hàn ní tiẹ̀ pé wọ́n ti dán àga náà wò. Ẹnikẹ́ni ló lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ àga rẹ̀.

## Bí ẹ ṣe máa dán an wò

1. Ẹ fi ìdí kan ẹ̀yìn àga pátápátá.
2. Ẹ gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ yín á fi tẹ́ mọ́lẹ̀, tí itan á sì dọ́gba.
3. Ẹ ki ìka bọ ẹ̀yìn orúnkún. Ìka méjì sí mẹ́ta ni mo wí.
4. Ẹ ki àtẹ́lẹwọ́ bọ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yín. Bí ó bá wọlé fàlàlà, nǹkan kan ò tíì gún régé.
5. Ẹ rọ̀gbọ̀kú, kí ẹ padà bọ̀, nígbà márùn-ún. Ẹ fetí sí i bóyá ó ń dún.
6. Ẹ gbé ọwọ́ lé apá àga, kí ẹ wo èjìká yín nínú dígí tàbí kí ẹ ní kí ẹnì kan bá yín wò ó.
7. Ẹ jókòó níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ mú ìwé dání. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kán yín lójú, torí pé gbogbo àga ló ń tuni lára ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́.

Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ béèrè àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kí ẹ tó sanwó:

- ibi tí ìjókòó lè sọ̀kalẹ̀ dé, àti ibi tó lè ga dé
- bí ìjókòó ṣe jìn tó, bó ṣe fẹ̀ tó
- ibi tí apá àga lè sọ̀kalẹ̀ dé
- ìwọ̀n ara tó lè gbé
- ọjọ́ mélòó lẹ ní láti dá a padà, àti ta ló máa san owó ẹrù

Ẹni tí kò bá lè sọ bí ìjókòó ṣe jìn tó fún yín, ẹ má rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sì ju páálí nù títí ọjọ́ ìdápadà á fi kọjá.

## Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

Rírọ̀. Àga tó rì yín mọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí ìdí yín rí ibi gbára lé, ẹ óò kàn máa yí síbí yí sọ́hùn-ún ni.

Àga eléré géèmù. Etí tó gbé sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì máa ń há itan mọ́, ìrọ̀rí tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń yọ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Àwọn kan bá wọn lára mu. Ẹ wọn ọ́n bí ẹ ṣe máa wọn èyíkéyìí.

Ibi ìgbórílé. Ó wúlò bí ẹ bá ń rọ̀gbọ̀kú láti kàwé tàbí gba ìpè. Bí ẹ bá ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, orí yín kì í kàn án, tó bá sì ń kàn án tó ń ti orí síwájú, ó ti ń pa ọrùn lára.

Bọ́ọ̀lù ńlá àti àga ìkúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní ohun tó ń gbé ẹ̀yìn ró. Fún ìdajì wákàtí kí ara lè yí padà, ó dáa. Ẹ má fi wọ́n rọ́pò àga.

Bí owó ò bá tó, bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí: gíga àti jíjìn ìjókòó, lẹ́yìn náà ibi tó ń gbé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ró, lẹ́yìn náà ìrọ̀gbọ̀kú. Apá àga ṣeé yááfì. Ibi ìgbórílé àti lẹ́dà ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò.

## Àga àlòkù

Àga àlòkù tó jẹ́ ojúlówó sàn ju tuntun tí kò dáa lọ, mo sì máa ń gba àwọn tí owó ò rọgbọ fún níyànjú pé ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

1. Ẹ gbé e dé òkè pátápátá, kí ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá ń rọra sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá gáàsì, ìyẹn ọ̀pá tó wà lábẹ́ ìjókòó tó ń gbé e sókè sódò, ti kú. Ó ṣeé pààrọ̀, ẹ yọ owó rẹ̀ nínú iye tí ẹ máa san.
2. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ wo ẹsẹ̀ márààrún bóyá ó ti sán. Èyí tó bá ti sán, ẹ fi í sílẹ̀.
3. Ẹ mi ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì jẹgẹjẹgẹ, ẹ wò ó bóyá síkírúù ló tú tàbí irin ló ti jẹ.
4. Ẹ yí táyà kọ̀ọ̀kan. Irun àti òwú tó wé mọ́ wọn ṣeé yọ.

Ìkìlọ̀: ẹ má lu ọ̀pá gáàsì náà ní ihò, ẹ má fi iná sí i, ẹ má sì gbìyànjú láti tú inú rẹ̀. Náítírójìn tí wọ́n fún pọ̀ ló wà níbẹ̀, ó sì lè ṣe èèyàn léṣe gidi.

## Tí àga bá ti délé

1. Ẹ gbé ìjókòó sí gíga tó bá ẹsẹ̀ mu.
2. Ẹ sún mọ́ tábìlì. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá wà nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, tábìlì ló ga jù: ẹ gbé àga sókè títí ìgbọ̀nwọ́ á fi bá a dọ́gba, kí ẹ sì fi nǹkan sábẹ́ ẹsẹ̀. Àpótí tó le tàbí ìwé ńlá tí ẹ dì pọ̀ ti tó.
3. Ẹ gbé ibi tó yọ lára ẹ̀yìn àga sí ìwọ̀n ìgbànú.
4. Ẹ tú ìrọ̀gbọ̀kú sílẹ̀, kí ẹ yí kókó rẹ̀ títí á fi gbà yín dúró láì janpata.
5. Apá àga ló kẹ́yìn: kó kan ìgbọ̀nwọ́ fẹ́rẹ́.
6. Òkè ojú kọ̀ǹpútà kó wà ní ìwọ̀n ojú yín, kó jìnnà tó apá nínà.

Ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún un tò. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ fún gbogbo síkírúù rẹ̀.

## Bí ẹ ò bá tíì lè rà

Bí ìjókòó bá jìn jù, ẹ fi ìrọ̀rí tó le sẹ́yìn, á dín jíjìn rẹ̀ kù. Bí ẹ̀yìn kò bá ní ohun tó gbé e ró, ẹ ká tówẹ́ẹ̀lì bí ẹní, kí ẹ fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn àga níbi ìgbànú. Bí ìjókòó bá rẹlẹ̀, ìrọ̀rí pẹlẹbẹ tó kì lẹ máa fi sí i, kì í ṣe èyí tó ń rì.

Àga yòówù kí ẹ ní, ẹ dìde ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tiẹ̀ jẹ́ láti bu omi mu lásán. Kò sí àga tí wọ́n ṣe fún jíjókòó gbári sójú kan.

Bí ìrora bá ń ti ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ gba ẹsẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú lemọ́lemọ́ tí kò lọ tí ẹ bá dìde, dókítà lẹ fẹ́ rí báyìí. Bí abẹ́ bá kú láàárín itan méjèèjì, tàbí tí ẹ ò lè darí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ mọ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di ọ̀la.